Ta Ló Ni Mẹ́mọ́rì Yìí? Ọ̀rọ̀ Lórí Síso Láíbìrì Àwòrán Mọ́ Python

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Àgbádárìgì. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣe é kà.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà dání wá láti Ajara, láti Topo, títí dé etí òkun lọ́hùn-ún, ẹ kú ìrìn. Àtọmọ Yorùbá àtọmọ Ògù, mo kí gbogbo yín.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń so láíbìrì (àkójọ ètò tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) tí wọ́n fi èdè C kọ mọ́ èdè Python, pàápàá láíbìrì tó ń tún àwòrán ṣe, àti ohun tí a ń ṣe nígbà tó bá yarí. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú yìí gan-an. Ní 1842 ni àwọn míṣọ́nárì gúnlẹ̀ síhìn-ín. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lélẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ìlú tó pẹ́ báyìí nídìí ìwé kò lè ṣe kó má ní ìwé àtijọ́ nílé: ìwé ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀, lẹ́tà àwọn bàbá àgbà. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti òkun àti ọ̀rinrin ọ̀sà ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti ń fi fóònù ya àwọn ojú ìwé náà. Ohun tó kù ni kí kọ̀ǹpútà na ojú ìwé tó wọ́, kí ó nu àbàwọ́n, kí ó sì sọ ọ́ di dúdú lórí funfun.

Láíbìrì tó mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa ni Leptonica, tí Dan Bloomberg kọ ní C. Òun ni Tesseract, tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, gbára lé. Ẹ̀yin sì fẹ́ràn Python, ó sì tọ́ kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà ẹ ó kọ ètò agbedeméjì kan tí yóò máa gbé nǹkan láti ọ̀dọ̀ Python lọ sọ́dọ̀ C, tí yóò sì máa gbé èsì padà bọ̀.

Èrò tèmi nìyí, mo sì dúró lé e lórí. Tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má tètè kà á sí láíbìrì lọ́rùn, ẹ má sì kà á sí Python lọ́rùn. Ẹ wo ààrin àwọn méjèèjì. Gbogbo wa tí à ń gbé lẹ́bàá ibodè Sèmè mọ̀ pé ẹrù lè dára ní Kútọnu, kí ẹni tó ń dúró dè é ní Èkó náà ti múra tán, kí ẹrù náà sì bá wàhálà pàdé torí pé ohun tí ìwé rẹ̀ sọ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibodè tó wà láàrin C àti Python tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí oníbodè níbẹ̀. Ẹ lè pe àdírẹ́sì ní nọ́ńbà lásán, yóò kọjá. Iwájú ni yóò ti bàjẹ́, níbi tí ojú yín kò sí.

Ẹ jẹ́ ká sáré kọjá ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pẹ́ jù, ìyẹn ìgbà tí láíbìrì kò tilẹ̀ wọlé rárá. Ibẹ̀ kò le, torí pé kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀. Tó bá ní "cannot open shared object file", ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ fáìlì tó dá. Ó lè má jẹ́ èyí tí ẹ pè ni kò sí, ó lè jẹ́ òmíràn tí òun náà gbára lé. Àṣẹ ldd yóò to gbogbo wọn síta, ẹ ó sì rí èyí tó sọnù. Leptonica pàápàá ti yí orúkọ padà: liblept.so.5 ló ń jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ Linux àtijọ́, libleptonica.so.6 ló ń jẹ́ lórí àwọn tuntun. Tó bá ní "wrong ELF class: ELFCLASS32", Python yín jẹ́ ti bíìtì 64, láíbìrì jẹ́ ti 32, wọn kò sì lè gbé pọ̀. Tó bá ní "undefined symbol", ẹ fi nm -D wo orúkọ àwọn function (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a lè pè) tó wà nínú láíbìrì náà. C++ ló sábà máa ń fa èyí, nítorí kọ̀ǹpáìlà rẹ̀ (ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di èdè kọ̀ǹpútà) máa ń lẹ irú ohun tí function ń gbà mọ́ orúkọ function. Ẹ kọ extern "C" sí i níwájú, orúkọ á dúró bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ó tán.

Wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí láíbìrì wọlé, tí orúkọ pé, tí ètò sì kú láìsọ ju "Segmentation fault" lọ.

Ẹ wo pixRead, tó ń ka àwòrán láti inú fáìlì. Àdírẹ́sì ló ń dá padà, ìyẹn ibi tí àwòrán náà wà nínú mẹ́mọ́rì. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, àdírẹ́sì jẹ́ bíìtì 64. Ṣùgbọ́n ctypes, irinṣẹ́ tí Python fi ń pe function C, tó ti wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀yà 2.5 ní 2006, gbà pé int (odidi nọ́ńbà) ni gbogbo function ń dá padà, àfi tí ẹ bá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Int jẹ́ bíìtì 32. Báyìí ni ìdajì àdírẹ́sì ṣe ń bọ́ sọnù. Ẹ gbé ìdajì tó kù fún function tó kàn, ó kan ilẹ̀kùn ilé onílé, kọ̀ǹpútà sì pa ètò náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé tí àdírẹ́sì náà bá kéré, kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀, ètò á sì máa lọ geerege. Lórí kọ̀ǹpútà kan ó ń ṣiṣẹ́, lórí èkejì ó ń kú, ẹjọ́ á wá di ti ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kejì. Ìlà méjì ló yanjú rẹ̀ (lib ni láíbìrì tí ẹ ti ṣí, restype ni irú ohun tí function ń dá padà, argtypes ni irú ohun tó ń gbà):

lib.pixRead.restype = c_void_p
lib.pixRead.argtypes = [c_char_p]

Ẹ kọ méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan. Tí ẹ bá kọ restype nìkan, c_void_p á dá nọ́ńbà Python lásán padà fún yín. Tí ẹ bá wá gbé nọ́ńbà yẹn fún function mìíràn tí kò ní argtypes, ctypes á tún gé e sí bíìtì 32. Ẹ̀yìn gbogbo ìyà, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà lẹ tún padà sí.

argtypes ló tún ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà orúkọ fáìlì. Tí ẹ bá fi str Python ránṣẹ́ láìsí i, ctypes á fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wchar_t, tó ń lo báìtì 4 fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí Linux. pixRead ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúró níbi tó bá ti rí òdo. Nínú "/home/iwe.png", ó rí "/", ó rí òdo, ó dúró. Yóò ní òun kò rí fáìlì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ń wo fáìlì náà kedere. Tí argtypes bá wà níbẹ̀, Python fúnra rẹ̀ á kọ̀, á ní kí ẹ mú báìtì wá. Ẹ fi os.fsencode sọ orúkọ náà di báìtì. Àwa tí à ń fi àmì sí orúkọ fáìlì tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ lọ́tọ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Linux, fáìlì méjì ni.

Àṣìṣe tó ń pa ètò ṣì sàn, torí pé ó jẹ́ kí ẹ mọ̀. Èyí tó ń dákẹ́ ló ń já mi láyà. pixRotate ń yí àwòrán, ó sì ń gba igun gẹ́gẹ́ bí l_float32, ìyẹn float bíìtì 32. Ká ní ẹ kọ c_double sí argtypes dípò c_float. Kò ní kú. Nínú double, tó jẹ́ bíìtì 64, nọ́ńbà 0.5 ní òdo nínú gbogbo bíìtì 32 ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni C á kà. Yóò rí i pé igun jẹ́ òdo, àwòrán á sì padà wá láìyí. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹ ó jókòó ti ìṣirò igun títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ìṣirò yín kò ní àléébù.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró díẹ̀ níbi mẹ́mọ́rì, torí ibẹ̀ ni orí ọ̀rọ̀ yìí wà. Python mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá. Ó ń ka iye ibi tí wọ́n ti ń lo nǹkan náà, tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó mọ́, ó ń kó o dànù. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa mẹ́mọ́rì tí C gbà. Nọ́ńbà lásán ló rí. Tí nọ́ńbà náà bá kúrò nílẹ̀, àwòrán tó ń tọ́ka sí ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Òfin Leptonica yé mi dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀: ẹni tí wọ́n dá PIX (orúkọ tí Leptonica ń pe àwòrán nínú mẹ́mọ́rì) padà fún ló gbọ́dọ̀ pe pixDestroy fún un, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Fọ́tò fóònù tó ní mílíọ̀nù píksẹ́lì 12, ní bíìtì 32 fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 48 MB nínú mẹ́mọ́rì. Ẹ sọ ọ́ di bíìtì 8, 12 MB mìíràn nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di dúdú lórí funfun, 1.5 MB. Ẹ nà án tọ́, 1.5 MB sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63 MB lórí ojú ìwé kan ṣoṣo. Tí ẹ kò bá dá ìkankan padà, ojú ìwé 100 á gbé ohun tó ju 6 GB lọ. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ yín gbé wá kò ní tó bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ máa fà, á wá dákú, ẹ ó sì máa sọ pé láíbìrì náà wúwo.

pixDestroy fúnra rẹ̀ ní ìdẹkùn kan. Kì í gba àdírẹ́sì àwòrán. Ó ń gba àdírẹ́sì ibi tí ẹ kọ àdírẹ́sì náà sí, kí ó lè nù ún kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Nínú ctypes, ẹ ó fi nọ́ńbà náà sínú c_void_p, ẹ ó wá fi byref ránṣẹ́. Tí ẹ bá gbé àdírẹ́sì àwòrán fún un tààrà, yóò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ PIX. Ohun tó wà níbẹ̀ ni fífẹ̀ àti gíga àwòrán, yóò sì kà á bí ẹni pé àdírẹ́sì ni. Ẹ mọ ohun tó kàn. Ẹ má sì rò pé gbogbo function ló ń dá àwòrán tuntun padà. Tí igun bá kéré jù, pixRotate kì í yí nǹkan kan. Ó ń fi pixClone dá àwòrán àtijọ́ padà, pẹ̀lú iye tó fi kan lé sí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó ṣì pe pixDestroy fún méjèèjì. Ẹni tó bá ń wo àdírẹ́sì, tó rí i pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà, tó wá pa ẹyọ kan nìkan, ó fi mẹ́mọ́rì sílẹ̀ sí ìta nìyẹn.

Ẹ̀yìn èyí ni òdìkejì rẹ̀, kí a dá mẹ́mọ́rì padà kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo NumPy, láíbìrì Python fún ìṣirò lórí ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ẹ tẹ́tí. Tí ẹ bá fi np.ctypeslib.as_array wo ohun tí pixGetData tọ́ka sí, NumPy kò da nǹkan kan kọ. Mẹ́mọ́rì C gan-an ló ń wò. Ẹ pe pixDestroy, NumPy ṣì ń wo ibẹ̀, ilé sì ti wó. Èyí tó ń da ènìyàn lórí rú ni pé àwòrán kékeré lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, kí ńlá sì kú lójú ẹsẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú glibc, láíbìrì C tó ń pín mẹ́mọ́rì lórí Linux. Nǹkan tó bá kéré sí nǹkan bí 128 KiB, tí ẹ bá dá a padà, ó sábà máa ń wà nílẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi gbà á, ohun àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, glibc ń gbà á tààrà lọ́wọ́ Linux, ó sì ń dá a padà tààrà, ilẹ̀ á sì là lábẹ́ ẹsẹ̀ NumPy. Ààlà 128 náà kò tún dúró sójú kan, glibc ń sún un sókè bí ètò ṣe ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kan náà fi ń hàn láàárọ̀, tí kì í hàn lọ́sàn-án. Tí ẹ bá fẹ́ pa àwòrán C, ẹ pe .copy() kí ẹ tó pa á. Tí ẹ kò bá fẹ́ dà á kọ, ẹ fi weakref.finalize so pixDestroy mọ́ ohun tó ń lo mẹ́mọ́rì náà, kí wọ́n lè kú papọ̀.

Ká tó kúrò níbi NumPy, àwọn àwòrán tó bàjẹ́ máa ń sọ ohun tó ṣe wọ́n fún ẹni tó bá mọ̀ wọ́n wò. Leptonica ń to ìlà àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀wọ́ báìtì mẹ́rin-mẹ́rin. Àwòrán bíìtì 8 tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1001 kò lè parí sí báìtì 1001. Yóò gba ọ̀wọ́ 251, ìyẹn báìtì 1004, báìtì 3 ìgbẹ̀yìn kò sì ní nǹkan kan nínú. Tí ẹ bá sọ fún NumPy pé ìlà jẹ́ 1001, ìlà kejì á yẹ̀ ní báìtì 3, ìkẹta á yẹ̀ ní 6, títí lọ, ojú ìwé náà á wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá rí àwòrán tó dagun báyìí, ẹ má tiẹ̀ wá ibòmíràn lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ pixGetWpl, ẹ fi 4 lọ́po rẹ̀, ẹ fi ìyẹn ṣe ìlà, kí ẹ tó wá gé e sí 1001.

Tí àwòrán bá dúró tọ́, ṣùgbọ́n tí etí lẹ́tà rí págunpàgun, ètò báìtì ni. Leptonica fi píksẹ́lì àkọ́kọ́ sí apá tó ga jù nínú ọ̀wọ́ báìtì mẹ́rin, kọ̀ǹpútà yín sì ń fi apá tó kéré jù síwájú nínú mẹ́mọ́rì. Nítorí náà píksẹ́lì 0, 1, 2, 3 á jáde gẹ́gẹ́ bí 3, 2, 1, 0. pixEndianByteSwap ló ń tún un ṣe, àmọ́ orí àwòrán náà gan-an ló ti ń ṣe é. Tí ẹ bá tún fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ padà sí Leptonica, òun náà á rí i ní ìdàrúdàpọ̀. pixEndianByteSwapNew ń da tuntun kọ, òun ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Tí pupa bá di búlúù, ètò àwọ̀ ni. OpenCV, láíbìrì àwòrán mìíràn, máa ń to búlúù síwájú. Tí ojú ìwé bá jáde ní funfun lórí dúdú, ẹ rántí pé nínú àwòrán bíìtì 1 ti Leptonica, 1 ni dúdú.

Ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè lẹ́yìn èyí pé ṣé kò ní sàn kí àwọn fi ctypes sílẹ̀, kí àwọn lo pybind11 tàbí SWIG, àwọn irinṣẹ́ mìíràn tó ń so C tàbí C++ mọ́ Python. Ìbéèrè tó dára ni. SWIG, tí David Beazley gbé jáde ní 1996, àti pybind11 tí Wenzel Jakob kọ, àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpáìlà ka ìwé header láíbìrì, ìyẹn fáìlì tó to orúkọ function àti irú ohun tí wọ́n ń gbà. Ọ̀rọ̀ int, float àti àdírẹ́sì tí mo fi àkókò yín ṣe á tán níbẹ̀. Tí ẹ bá ní àyè láti kọ̀ǹpáìlì, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáìlà kò lè mọ ẹni tó ni mẹ́mọ́rì, torí pé kò sí níbi kankan nínú header. Inú àlàyé tí ènìyàn kọ ló wà. Tí function kan bá dá àdírẹ́sì padà fún pybind11 tí ẹ kò sì sọ nǹkan kan, ó gbà pé tirẹ̀ ni, á sì pa á nígbà tó bá tó àkókò. Tí láíbìrì náà bá tún pa á, ohun kan náà ti kú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. return_value_policy ni ẹ ó fi sọ òtítọ́ fún un. SWIG ní %newobject fún irú iṣẹ́ kan náà. Ohun èlò yí padà, ìbéèrè kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ header yẹn rán mi létí nǹkan kan tó kan èdè wa gan-an. Àwọn orúkọ bíi L_SELECT_IF_BOTH àti L_SELECT_IF_EITHER kò sí nínú láíbìrì tó ti di .so. Inú header nìkan ni wọ́n wà, nọ́ńbà wọn nìkan ló wọ inú ètò. Ẹni tó ń lo ctypes gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ da nọ́ńbà náà kọ. pixSelectBySize ń lò wọ́n láti mọ àbàwọ́n tí yóò nù. Pẹ̀lú EITHER, ohun tó bá ga tó tàbí tó fẹ̀ tó ni yóò dá sí. Pẹ̀lú BOTH, ó gbọ́dọ̀ ga kó sì fẹ̀. Tí ẹ bá da nọ́ńbà BOTH kọ síbi tí EITHER yẹ kó wà, l tó tín-ín-rín lọ, i lọ, àmì ohùn tó pẹlẹbẹ lọ. Tí ìwọ̀n tí ẹ fún un bá tún tóbi díẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ á tẹ̀lé wọn. Ojú ìwé náà á mọ́ tónítóní, ojú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò sì ní rí nǹkan kan tó kù. Ìwé ìrìbọmi tí orúkọ ènìyàn ti pàdánù àmì rẹ̀ báyìí ti bàjẹ́ ju bí ọ̀rinrin ṣe bà á jẹ́ lọ.

Lórí wíwá àṣìṣe, ẹ ṣí ètò yín pẹ̀lú python3 -X faulthandler ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dán an wò. Tí C bá kú, yóò sọ ìlà Python tó wà nígbà yẹn. Tí ìyẹn kò bá tó, ẹ lo gdb, ètò tó ń wá àṣìṣe: gdb --args python3, ẹ tẹ run, ẹ tẹ bt nígbà tó bá kú. Valgrind, tó ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì, lọ́ra, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tó fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tó ti kú; ẹ fi PYTHONMALLOC=malloc ṣáájú rẹ̀, kí ọ̀nà tí Python fi ń pín mẹ́mọ́rì má bàa bo nǹkan mọ́ ọn lójú. Ẹ sì máa yẹ èsì function kọ̀ọ̀kan wò. Tí pixRead kò bá rí fáìlì, None (òfìfo) ni ẹ ó gbà, Leptonica á sì kọ ìkìlọ̀ sí stderr, ojú ọ̀nà ìkìlọ̀ àti àṣìṣe, níbi tí ọ̀pọ̀ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wò. Tí ẹ bá gbé None yẹn lọ síwájú, function tó kàn á ní wọn kò fún òun ní àwòrán, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí. Ẹ fi errcheck, function tó ń yẹ èsì wò, sí i, kí Python kígbe níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ń so libjpeg, láíbìrì fọ́tò JPEG, tààrà ní láti mọ̀ pé ohun tí libjpeg ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí fọ́tò bá bàjẹ́ ni pé ó ń pe exit, tó ń pa ètò. Gbogbo Python á lọ láìsí traceback kankan, àfi tí ẹ bá fi error_exit tiyín rọ́pò tirẹ̀.

Kí ẹ tó kó ìwé ìdílé ẹnikẹ́ni wọlé, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe àwòrán kan tó fẹ̀ ní 1001, torí pé 1000 á pín sí mẹ́rin-mẹ́rin dọ́gba, á sì bo àṣìṣe ìlà mọ́lẹ̀. Ẹ fi píksẹ́lì dúdú kan sí igun òsì lókè, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ gbé e lọ sínú Leptonica, ẹ gbé e padà, kí ẹ wo bóyá wọ́n ṣì wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Ẹ ṣe é ní ìgbà 1000 tẹ̀lé ara wọn kí ẹ sì máa wo mẹ́mọ́rì. Kò gbọdọ̀ máa gòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ojú ìwé Yorùbá kan tí ẹ ti fojú ka iye àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sì tún wọn kà.